Kútẹ́ẹ̀sì Pupa Màámi

Lánàá, mẹkáníìkì ya ọ̀rá tí wọ́n fi wé bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì tuntun lójú mi. Òórùn rọ́bà náà bá gbé mi padà sí ẹ̀yìnkùlé wa ní Àládé, lábẹ́ òkè, níbi tí kòkó ti ń gbẹ nínú oòrùn.

Bàbá mi ti tú iwájú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ wa kékeré láti pààrọ̀ bẹ́líìtì rẹ̀. Wọ́n fi kútẹ́ẹ̀sì tí Màámi fi ń kun èékánná sàmì sára àwọn jíà eléyín tí bẹ́líìtì náà ń yí. Wọ́n ní bí bẹ́líìtì bá fi eyín kan ṣoṣo yẹ̀, ẹ́ńjìnnì bàjẹ́ nìyẹn.

Màámi, tí wọ́n wà nínú oṣù ìbímọ wọn, fẹ̀yìn ti ògiri, wọ́n dijú, òógùn bò wọ́n.

"Ṣé kò sí nǹkan o?" Bàbá béèrè láì gbójú sókè.

"Kò sí nǹkan kan, Bàbá Tọ́pẹ́. Ẹ fara balẹ̀ ṣe é."

Bàbá fi bẹ́líìtì tuntun kọ́ àwọn jíà náà, wọ́n sì fi sípánà yí ẹ́ńjìnnì díẹ̀díẹ̀. Àwọn àmì pupa náà lọ, wọ́n sì tún padà wá kojú ara wọn gẹ́lẹ́. Bàbá ṣíná sí ọkọ̀. Ẹ́ńjìnnì kùn, òkè dáhùn. Mo rò pé Bàbá ti jí òkè lójú oorun ni.

Màámi di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú. "Ó yá, ẹ gbé mi lọ sọ́sípítù."

Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé láti òwúrọ̀ ni ìrọbí ti mú wọn. Wọn ò kàn fẹ́ kí ọwọ́ Bàbá gbọ̀n ni.