Ẹ̀yìnkùlé ni mo ní kí àwọn onílé gbà

Ojú tì mí lónìí débi pé mi ò lè jẹun ọ̀sán.

Iṣẹ́ yíya àwòrán ilé ni mò ń ṣe ní Ọ̀fà níbí. Èmi àti ọ̀gá mi la ya àtúnṣe ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ kan, kí aráàlú lè ráyè wọlé wo bí wọ́n ṣe ń ṣòfin. Mo tiẹ̀ fi ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sí i fún kẹ̀kẹ́ arọ. Mo ń yangàn!

Láàárọ̀ yìí, mo gbé ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ kọ sára pátákó ẹnu ọ̀nà lọ bá Mọ́mì Tíṣà, aládùúgbò wa tó ti fẹ̀yìn tì, pé kí wọ́n bá mi fi Yorùbá kọ ọ́.

Wọ́n kà á, wọ́n bọ́ awò ojú wọn.

"Ẹnjiníà, o ní kí aráàlú gba ẹ̀yìn. Ta ló ń gba iwájú?"

"Àwọn aṣòfin ni, mà. Nítorí ààbò ni."

"Ta ló dìbò yàn wọ́n?"

"Àwa ni, mà."

"A jẹ́ pé àwa la ni ilé. Ṣé o ti rí onílé tó ń gba ẹ̀yìnkùlé wọlé rí? Olè ló ń gba ibẹ̀."

Mo pe ọ̀gá mi, bóyá a ṣì lè yí i padà. Ó ní ẹ̀pa ò bóró mọ́, àwọn bíríkìlà ti ń to búlọ́ọ̀kù.

Mi ò bi aráàlú kan ṣoṣo léèrè kí n tó yà á.

Mọ́mì ṣáà bá mi kọ ọ́. Ohun tí wọ́n kọ rèé:

"Ẹ̀yin onílé, ẹ má bínú, ẹ̀yìnkùlé la ní kí ẹ gbà."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé kí n gbé e fún akọ̀wé pátákó bẹ́ẹ̀?