Fọ́tò Tí Haimona Kò Jẹ́ Kó Wọlé

Ta ni kò gbọ́ nípa ọjọ́ tí Haimona, bàbá àgbà tí gbogbo wa ń pè ní Koro, lọ sùn sáyè òkú ní Ruatoria ìlú wa? Bàbá wọ kóòtù sójà rẹ̀, ó wọ ilé ìpàdé wa, ó na gbalaja sórí ẹní lábẹ́ ògiri tí a ń gbé àwòrán àwọn òkú wa kọ́ sí, ó sì pajú dé.

"Mo ti kú. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, kí ẹ lè gbé fọ́tò wa kọ́."

Eruera, àgbà tó ń ṣọ́ ilé náà, kò mọ̀ bóyá kí òun bínú ni tàbí kí òun rẹ́rìn-ín. Ó kúkú bẹ̀rẹ̀ sí í dágbére fún òkú. "Sùn un re o, Haimona, ìwọ tí o jí ẹṣin bàbá mi gbé."

Òkú dìde jókòó. "Irọ́ lo pa! Mo yá a ni!"

Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín ni. Ọmọ ìyá mẹ́ta ló ya fọ́tò náà nínú aṣọ sójà kí wọ́n tó wọkọ̀ ojú omi lọ sógun: Rewi, Tiaki àti Haimona àbúrò wọn. Haimona nìkan ló padà. Àwọn méjì tó kú kò ní àwòrán mìíràn, èèwọ̀ sì ni kí àwòrán tí alààyè wà nínú rẹ̀ dé ògiri yẹn. Nítorí náà wọ́n wà níta, wọ́n ń dúró de ikú Haimona, ara Haimona sì le bí ọta.

Ngahuia, ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin, ń ṣàìsàn. Ohun kan ṣoṣo ló ń bẹ̀bẹ̀ fún: kó rí àwọn àbúrò rẹ̀ lára ògiri kó tó lọ.

"Haimona, ṣé o ò ní kú ni?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ní sùúrù. Mo ń gbìyànjú."

Hinewai ọmọ-ọmọ Haimona gbé sísọ́ọ̀sì wá. "Koro, ẹ jẹ́ ká gé yín kúrò nínú àwòrán."

Bàbá gbá àwòrán mọ́ àyà. "Ọwọ́ ta lò ń wò léjìká mi yẹn? Ọwọ́ Rewi ni. Gbogbo ara ẹ̀ ti kù sílẹ̀ onílẹ̀, o tún fẹ́ gé ọwọ́ ẹ̀?"

Hinewai kúkú lọ tẹ ẹ̀dà àwòrán náà, ó pín in kiri ilé ẹbí. Bàbá ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn láti ojúlé dé ojúlé. "Ẹ má gbé wa kọ́ sí kíṣìnì o! Oúnjẹ á máa ta sánsán sí wa nímú, a ò sì ní lè jẹ ẹ́." Kò sílé tó ti sọ bẹ́ẹ̀ tí kò ti jẹun kó tó jáde.

Ngahuia kú nígbà òtútù, kò rí wọn lára ògiri. Nígbà tí a ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀, Haimona dúró síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó fi kóòtù bo àwòrán náà nínú òjò.

Eruera yọjú sí i. "Gbé e sílẹ̀, kó o wọlé."

"Àwọn ẹ̀gbọ́n mi wà níta. Èmi ni mo dá wọn dúró." Ó ń sunkún bí ọmọdé. Láti ọjọ́ náà ni ayé ti sú u, síbẹ̀ ó pẹ́ kí ikú tó rántí rẹ̀.

Lóṣù tó kọjá, ikú wá rántí rẹ̀, a gbé e wọlé nínú pósí. Àwòrán náà wọlé pẹ̀lú rẹ̀, a sì gbé e ti àwòrán Ngahuia lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí.

Eruera fi ọ̀pá ti ara rẹ̀ dìde. "Sùn un re o, Haimona, ìwọ tí o jí ẹṣin bàbá mi gbé."

Gbogbo wa tẹjú mọ́ pósí, à ń dúró. Kò sí ẹni tó dáhùn.

"Ó dáa," ni Eruera wí. "O yá a ni. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀ pé o yá a ni."