Igi Tí Pásítọ̀ Rí Lójú Ìran

Akọ̀wé ni Bọ́dúndé ní Aláúsá, ọmọ Èkìtì, èèyàn jẹ́jẹ́. Kì í mutí, kì í bá wọn pariwo bọ́ọ̀lù. Kámẹ́rà nìkan ló gbà á lọ́kàn. Bí ilẹ̀ Sátidé bá ti mọ́, á gbé e kọ́rùn, á gba ẹ̀yìn àwọn ilé iṣẹ́ l'Ógbà wọnú igbó kékeré kan tí àwọn ọmọ onílẹ̀ kò tí ì rántí tà. Á máa tọ ojú ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ tó lọ sétí odò, á máa ya igi, á máa ya omi. Kì í ya èèyàn rárá. Àwọn ará ọ́fíìsì ní àfi kí wọ́n máa gbàdúrà fún un.

Catherine, ìyàwó rẹ̀, nìkan ló ń fi fọ́tò náà hàn. Wọn á jọ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, á máa ṣàlàyé bí oòrùn ṣe yọ láàárín ewé, ìyàwó á sì máa fetí sílẹ̀. Bọ́dúndé bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ ibẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, torí igbó tí ará Èkó bá ti mọ̀, ó ti di ilé.

Ọdún kejì tí ìjọba alágbádá dé ni Pásítọ̀ wọn dìde lọ́jọ́ Ìsinmi kan, ó ní Ọlọ́run ti fi ilẹ̀ àdúrà ìjọ han òun lójú ìran, lẹ́yìn ilé iṣẹ́ l'Ógbà. Òun rí ìrókò ńlá kan létí odò, gbòǹgbò rẹ̀ wọnú omi. Ìjọ ń ṣe àmín, Bọ́dúndé náà ń ṣe é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti ń fura pé igi tí òun yà ni. Pásítọ̀ ní òun tún rí àpò dúdú kan tó so rọ̀ lórí ẹ̀ka, ẹrù ẹ̀ṣẹ̀ tí ìjọ máa sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ nìyẹn.

Àmín kú sí Bọ́dúndé lẹ́nu. Àpò kámẹ́rà rẹ̀ ni! Òun ló fi kọ́ ẹ̀ka lọ́jọ́ tí ìjàlọ bo ilẹ̀, tó gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ títí tó fi ya igi náà, tí àpò fi wọnú fọ́tò. Ẹ jọ̀ọ́, irú ìran wo ló ń rí àpò kámẹ́rà? Ó yíjú wo ìyàwó rẹ̀. Ilẹ̀ ni Catherine ń wò.

Nílé, kò jiyàn. Ó ní òun fi fọ́tò han Pásítọ̀ láti fi ọkọ òun yangàn ni, òun kò mọ̀ pé yóò sọ ọ́ di ìran. Ó sunkún, ó bẹ̀bẹ̀, ó sì gbà pé àwọn yóò jọ lọ sọ òtítọ́ fáwọn alàgbà kí ìjọ tó kó àáké lọ síbẹ̀ láti gé igi kúrò nílẹ̀ àdúrà ní Sátidé. Bọ́dúndé dárí jì í tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ ni Pásítọ̀ fi Catherine jẹ olórí àwọn obìnrin aládùúrà, ọkọ rẹ̀ kò sì fura.

Ní ìrọ̀lẹ́ Fúráìdé, Bọ́dúndé mú ìyàwó rẹ̀ lọ, ó gbé fọ́tò síwájú àwọn alàgbà. Alàgbà Ọláwọlé, tó dàgbà jù nínú wọn, wo igi, ó wo àpò, ó ní ta ló mọ̀ bóyá lẹ́yìn ìran ló lọ yà á, ṣebí àwọn ọ̀dọ́ ìjọ náà ti débẹ̀. Bọ́dúndé ní kí wọ́n bi ìyàwó òun. Alàgbà náà kọjú sí Catherine.

"Ìyá Ìlérí, ṣé ẹ ti rí fọ́tò yìí rí kí Pásítọ̀ tó ríran?"

Catherine gbà á, ó wò ó pẹ́.

"Rárá, sà," ó ní. "Òní ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí i."

Bọ́dúndé mú fọ́tò rẹ̀, ó jáde. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún dé egungun. Wọ́n gé ìrókò náà lọ́jọ́ kejì, ìyàwó rẹ̀ ló sì gbàdúrà kí wọ́n tó gbé àáké sí i.