Ọgbà Tí Wọ́n Pè Ní Pósí

Mo rántí ìgbà tí n kò ní ọ̀tá méjì láyé ju ewúrẹ́ Odode, ìlú wa, lọ. Ó ku ọdún mélòó kan kí Nàìjíríà gba òmìnira, ṣùgbọ́n èmi ti gba fírídọ́ọ̀mù tèmi lọ́wọ́ ọ̀gá tó kọ́ mi ní iṣẹ́ káfíńtà, mo sì ń fẹ́ ọmọbìnrin kan sọ́nà. Ilé àwọn àna mi yìí, orí àpáta ló wà. Ẹ̀yìnkùlé wọn, òkúta gbalaja ni. Erùpẹ̀ tó wà níbẹ̀ kò lè bo ẹsẹ̀ adìẹ. Ìwọ̀nba ẹ̀fọ́ tí ìyá ìyàwó bá sì gbìn sí ìdí ògiri, ewúrẹ́ ni yóò jẹ ẹ́. Nígbà tí ìyá yìí wá bá àwọn obìnrin ìjọ lọ ìpàdé ní Àkúrẹ́, ó rí nǹkan kan tí wọ́n fi pákó kàn ní ọgbà ilé míṣọ́n, tó dúró ti ògiri, tí ẹ̀fọ́ ń yọ jáde láti ikùn rẹ̀. Ọjọ́ tó dé, tó ní òun fẹ́ irú rẹ̀, ni ìyà mi bẹ̀rẹ̀.

Nílẹ̀ wa nígbà náà, ẹni tó bá ń fẹ́ ọmọ ọlọ́mọ gbọ́dọ̀ sin àna rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń kó ọ̀wẹ̀ lọ sí oko kòkó àna tiwọn. Wọn á ro oko, wọn á jẹ iyán, wọn á wálé. Èmi ni wọ́n sọ fún pé, "Ìwọ kì í ṣe àgbẹ̀, pákó ni kí o fi sìn wá." Mo dọ̀bálẹ̀, mo dúpẹ́, mo rò pé wọ́n ṣàánú mi. Ọ̀dọ́ ò mọ nǹkan kan. Bí ìyá yìí bá sọ lónìí pé kó ga tó ilẹ̀kùn, lọ́la yóò ní kó fẹ̀ bíi fèrèsé. Ọwọ́ ló fi ń júwe rẹ̀. Bí mo bá wọn ọwọ́ náà tán, tó bá tún júwe, ọwọ́ á ti gùn sí i. Ta ni mo sì fẹ́ fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn? Ta ló ń sọ fún àna pé, "Ẹ ò wí bẹ́ẹ̀ lánàá"? Mo kàn án, mo tú u, mo tún un kàn, títí ó fi sú èmi àti ìṣó. Àwọn àgbà ní ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké, ṣùgbọ́n àáké tèmi fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tán.

Níkẹyìn ó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó ga tó géńdé ọkùnrin, ó fẹ̀ tó èjìká rẹ̀, pákó àfárà ni mo fi ṣe é, mo sì lu ihò sí ojú rẹ̀ láti òkè dé ibi tí ẹnu ewúrẹ́ kò lè tó. Mo fá a títí ó fi ń dán. Ìyá wá wò ó ní ṣọ́ọ̀bù, inú rẹ̀ dùn, ló bá ní kí n fi aṣọ bò ó bí a bá ń gbé e bọ̀, kí àwọn obìnrin ìjọ má baà rí i kí wọ́n lọ ṣe irú rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló mú aṣọ wá. Aṣọ funfun ni. Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀, àmọ́ àna ni.

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ kọ́ṣẹ́ gbé e dùbúlẹ̀ sórí, pẹ̀lú aṣọ funfun lórí rẹ̀, a gba àárín Odode kọjá ní ọ̀sán gangan. Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ panu mọ́. Ọkùnrin kan tiẹ̀ ṣí fìlà. Èmi rò pé wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ ọwọ́ mi ni.

Bàbá bàbá ọmọbìnrin yẹn ni olórí ẹbí wọn. Orí òkè ni wọ́n ti bí i, kí gbogbo ìlú tó ṣí wá sí ìsàlẹ̀, bí òun kò bá sì fọwọ́ sí i, kò sí ìyàwó fún ẹnikẹ́ni. Àìsàn ti dá a dùbúlẹ̀ tipẹ́. Ọjọ́ yẹn gan-an ni ara rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yá díẹ̀, tí wọ́n gbé àga sí ẹnu ọ̀nà fún un kó yá oòrùn. Ó rí wa lókèèrè.

Ó ní, "Ta ló kú?"

Ọ̀rẹ́ mi, tí Ọlọ́run ò fún ní làákàyè, dáhùn pé, "Kò sẹ́ni tó kú, Bàbá. Ilé yín níbí la ń gbé e bọ̀."

Ẹkún sọ nínú ilé. Bàbá ní, "Ẹ ò tiẹ̀ lè ní sùúrù." Mo yára ṣí aṣọ kúrò, mo rò pé ìyẹn á tún ọ̀rọ̀ ṣe. Ó wo àwọn ihò náà, ó ní, "Ìwọ̀nyí ńkọ́? Kí n lè máa mí níbẹ̀ ni?" Mo ní ẹ̀fọ́ ni yóò máa gba ibẹ̀ yọ. Ó ní ẹ̀fọ́ wo ló ń gbé inú pósí. Ìyá ìyàwó, ẹni tí mo tìtorí rẹ̀ ṣe gbogbo eléyìí, kúnlẹ̀ níwájú bàbá ọkọ rẹ̀, ó wá yíjú sí mi: "Ìwọ náà, kí ló dé tí o fi aṣọ funfun bò ó?"

Bàbá ní káfíńtà yìí kò ní fẹ́ ọmọ ilé òun. Ó parí.

Ọmọbìnrin náà wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ó sunkún, ó bú mi, ó tún sunkún, ó sì padà lọ bẹ bàbá bàbá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó mú bọ̀ ni pé, bó bá jẹ́ òótọ́ ni pé erùpẹ̀ la fẹ́ kó sínú rẹ̀, kí a wá kó o níṣojú òun, kó kún dé ẹnu. Bí àyè bá ṣẹ́ kù níbẹ̀, kí n máa lọ.

Níbo la ti fẹ́ rí erùpẹ̀ lórí àpáta? Oko kòkó kan lọ́nà Aládé ni èmi àti ọ̀rẹ́ mi ti ń wa erùpẹ̀ dúdú, tí à ń fi agbọ̀n rù ú bọ̀. Àpótí yẹn ò yó. Àwọn èèyàn ń kí wa lọ́nà pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọkọ ìyàwó. Ṣé òkè mìíràn lẹ fẹ́ mọ kún tiwa ni?" Bàbá jókòó, ó ń wò wá. Bí oorun bá gbé e lọ, a ó dá iṣẹ́ dúró, kó má baà jí kó ní òun ò rí ohun tí a dà síbẹ̀. A ó dúró tàgbọ̀n tàgbọ̀n lórí, ọrùn á máa ro wá, àgbàlagbà á máa hanrun.

Nígbà tó kún, ó dìde, ó ti ọwọ́ bọ ihò kan. Erùpẹ̀ kò gba ọwọ́ rẹ̀. Ó gbìyànjú òmíràn, ìyẹn náà kò gbà.

Ó ní, "Ó ti kún. Kò sáyè ẹnì kankan níbẹ̀." Ó padà jókòó. "Ẹ máa bá ètò ìyàwó yín lọ."

Ìyá ìyàwó ló jẹ ẹ̀fọ́ ibẹ̀, òun náà ló gba ìyìn rẹ̀ ní ìjọ. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń sọ ìtàn yìí fún àwọn èèyàn kí a lè jọ fi bàbá yẹn rẹ́rìn-ín.

Ní báyìí, èmi náà ti dàgbà, àìsàn sì gbé mi ṣánlẹ̀ lọ́dún yìí. Mo ń yá oòrùn lẹ́nu ọ̀nà níjọ́ kan nígbà tí àwọn ọmọ mi gbé páálí gígùn kan wọlé. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, wọ́n rò pé mo ti sùn. Mo ní kí ni. Wọ́n ní, "Kọ́bọ́ọ̀dù yín ni, Bàbá." Mo ní kí wọ́n tú u. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àwọn á tò ó nínú yàrá. Mo ní rárá, níbí, níṣojú mi, kí wọ́n sì kó gbogbo aṣọ mi sínú rẹ̀ títí yóò fi kún.