Páànù Ẹ̀gbọ́n Mi

"Tí onílé bá dé, rí i pé ó rìn. Tó bá dúró sójú kan, iṣẹ́ mi ti parí nìyẹn."

Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sọ fún mi kẹ́yìn nìyí, lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù.

Ó máa ń gé páànù tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, á kun ẹ̀gbẹ́ kan ní pupa, á kun ìkejì ní búlúù, á wá tò wọ́n sára ògiri yàrá rẹ̀ tó kọjú sí fèrèsé. Tí oòrùn bá wọlé, tí o sì ń rìn kọjá, ògiri á máa ṣàn bí omi. Tí o bá dúró, páànù lásán ni.

Lẹ́yìn ìsìnkú, onílé dé. Ó fẹ́ tú gbogbo páànù náà dànù, kó kó àpò sìmẹ́ǹtì sínú yàrá náà. Ó dúró gbọn-in.

"Páànù yìí náà lo ní kí n kọ́kọ́ wò?"

"Ẹ rìn díẹ̀, Bàbá."

"Ta ló sọ fún ẹ pé mo yarọ?"

Mo rántí pé kì í lè dúró jẹ́ẹ́ tó bá ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Mo bọ́ síta, mo pe fóònù rẹ̀.

"Hẹ̀lóò! Ta nìyẹn?" Mi ò fọhùn, mò ń wò ó láti ojú fèrèsé. Ó ń lọ, ó ń bọ̀. "Hẹ̀lóò! Sọ̀rọ̀ sókè!"

Ó gbé fóònù kúrò létí, ó kọjú sí ògiri. Ó fẹ̀yìn rìn, ó tún yọ́ wá síwájú, bí ẹni tó fẹ́ mú adìyẹ.

"Ìwọ ọmọ yìí, ta ló ń mi ògiri mi?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá."

Ó rìn títí ó fi làágùn. Ó ní òun á wá ibòmíràn kó sìmẹ́ǹtì sí.

Nígbà tó lọ, ó ń ṣe mí bíi kí n sáré lọ ròyìn fún ẹ̀gbọ́n mi. Mo mú ìgbálẹ̀, mo gbá iyẹ̀pẹ̀ tí bàtà onílé kó wọlé.