Bẹ́ǹṣì Ṣọ́ọ̀ṣì Nínú Kíláàsì Wa

Kùrukùru ni mo kọ́kọ́ rí lọ́jọ́ tí mo dé abúlé tí wọ́n gbé mi lọ ṣe olùkọ́. Mọ́tò já mi sílẹ̀ lójú títì láàárín Fìdítì àti Ìlọrà, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Mo gbé ẹrù mi, mo wọ ọ̀nà oko. Òórùn ọ̀pẹ̀ òyìnbó tó pọ́n gba gbogbo afẹ́fẹ́. Kò pẹ́ tí mo fi ń gbọ́ ohùn àwọn ọmọ tí wọ́n ń ka ìsọdipúpọ̀ lórin, ṣùgbọ́n n kò rí ilé kankan. Ńṣe ló dà bí ẹni pé inú kùrukùru yẹn gan-an ni wọ́n ti ń kàwé.

Nígbà tí oòrùn lé e lọ, mo rí ilé ẹ̀kọ́ náà: ilé alámọ̀ kan tí páànù rẹ̀ ti dípẹtà. Àwọn ọmọ jókòó sórí ẹní àti òkúta, wọ́n gbé síléètì lé orúnkún. Láàárín àwọn ọdún 1970 ni, ìjọba àpapọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ káàkiri orílẹ̀-èdè. Ọmọ pọ̀ ju àga lọ níbi gbogbo, àwọn ilé ẹ̀kọ́ ńlá ni wọ́n sì kọ́kọ́ ń dá lóhùn. Hẹ́dímásítà wa, Ọ̀gbẹ́ni Adéoyè, ẹni tí kì í gbé ohùn sókè, sọ fún mi pé òun ti bẹ̀bẹ̀ títí ní ọ́fíìsì ẹ̀kọ́.

"Wọ́n ní ká ní sùúrù," ó ní. "Sùúrù nìkan ni wọ́n sì ń kó fún wa lọ́dọọdún."

Ọmọ Awẹ́ ni mí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ni. Ìwé mẹ́fà ni wọ́n ní kí n máa kọ́. Kò tí ì pẹ́ tí mo dé tí alábẹ̀wò fi wá láti ọ́fíìsì. Ọkùnrin náà kò burú. Ó rìn yí ká kíláàsì, ó mi orí.

"Àwọn ọmọ yín kì í yege nínú ìdánwò àṣejáde," ó wí fún hẹ́dímásítà. "Bó bá tún rí bẹ́ẹ̀ lọ́dún yìí, a ó pa ilé ẹ̀kọ́ yìí pọ̀ mọ́ ti Fìdítì."

Gbogbo abúlé ló mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ọ̀nà jìn, ojú títì sì kún fún ọkọ̀ akẹ́rù tó ń sáré. Àwọn ọmọ kéékèèké kò ní lè lọ, wọn á sì dá àwọn ọmọbìnrin dúró sóko.

Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé àwọn ọmọ náà mọ̀wé. Sífáwù, ọmọbìnrin àgbẹ̀ kan tó ń gbin ọ̀pẹ̀ òyìnbó, máa ń dáhùn ìṣirò kí n tó parí ìbéèrè. Mo bi í léèrè ìdí tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi fìdí rẹmi lọ́dún tó kọjá.

"Mísì, ó ní tábìlì ni," ó wí. "Ó ní tábìlì ibi ìdánwò gbé ọwọ́ òun sókè jù. Òun ò kọ̀wé lórí tábìlì rí."

Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò létí mi. Èmi àti hẹ́dímásítà lọ bá Bàbá Aládùúrà, olórí ṣọ́ọ̀ṣì kékeré tó wà lódìkejì odò, nítorí pé bẹ́ǹṣì wà níbẹ̀. Bàbá rẹ́rìn-ín.

"Láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, kò sẹ́ni tó ń jókòó lé wọn," ó ní. "Ẹ máa kó wọn. Kí n ṣáà bá wọn nílẹ̀ lọ́jọ́ ìsinmi."

Àwọn òbí tó jẹ́ Mùsùlùmí ló wá ń kọ mí lóminú, nítorí àwọn ló pọ̀ jù lábúlé. Bàbá Sífáwù ni mo kọ́kọ́ bá sọ ọ́.

"Mísì, ṣé bẹ́ǹṣì náà máa ń wàásù?"

"Rárá o, bàbá."

"Ọmọ mi á jókòó lé e nígbà náà."

Òun fúnra rẹ̀ ló gbé èkíní. Àwọn àgbẹ̀ ri igi mọ́lẹ̀, wọ́n tẹ́ pákó lé e, ó di tábìlì. Láti ìgbà náà, bí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé bá ti mọ́, mo máa ń rí bẹ́ǹṣì tí ń léfòó bọ̀ nínú kùrukùru, ẹsẹ̀ àwọn ọmọ nìkan ló ń hàn nísàlẹ̀. Mo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tí kò tí ì jí tán.

Lọ́jọ́ ìdánwò, ní Fìdítì, wọn kò jẹ́ kí olùkọ́ wọlé. Mo jókòó sábẹ́ igi ọsàn, mò ń wo fèrèsé. Orí Sífáwù nìkan ni mo rí. Ó tẹrí ba sórí ìwé, kò gbójú sókè. Atẹ́gùn ń fẹ́ yẹ́ẹ́, ewé ọsàn ń já bọ́ sí mi lára, n kò mọ̀ bóyá àdúrà ni mò ń gbà tàbí mò ń tòògbé.

Alábẹ̀wò fúnra rẹ̀ ló mú èsì wá. Púpọ̀ nínú wọn ló yege, Sífáwù sì wà lára àwọn tó ṣe dáadáa jù ní gbogbo agbègbè wa.

"Kí lẹ ṣe fún wọn?" ó bi hẹ́dímásítà.

"A ní kí wọ́n jókòó ni," Ọ̀gbẹ́ni Adéoyè dá a lóhùn.

Wọn kò pa wá pọ̀ mọ́ ibì kankan mọ́. Nígbà tí òjò dá, ọkọ̀ ìjọba kó àga àti tábìlì dé. Kò kárí, ṣùgbọ́n ó dé.

Lọ́jọ́ tí Sífáwù ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ girama, bàbá rẹ̀ di ẹrù rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, wọ́n yà sọ́dọ̀ mi. Ọmọ náà kúnlẹ̀. Bàbá rẹ̀ wo ilé ẹ̀kọ́ náà yí ká.

"Wọ́n ní ilé ìwé yìí ló máa fi abúlé sílẹ̀ lọ," ó wí. "Ọmọ ló wá ń lọ yìí."

Ó rẹ́rìn-ín, omi sì lé ròrò lójú rẹ̀. Mo ń wò wọ́n títí wọ́n fi dé ìyànà. Nígbà tí mo yíjú padà, àwọn ọmọ tuntun tó wọ ìwé mẹ́fà ti jókòó, ọ̀kan nínú wọn ti nawọ́ sókè.