Ètò Tí Ràhámátù Kò Dán Wò

Ìwé àtìgbàdégbà kan tó máa ń tẹ ètò kọ̀ǹpútà fún ìṣirò jáde ló ní kí Ràhámátù, olùkọ́ yunifásítì l'Abẹ́òkúta, bá àwọn fi kọ̀ǹpútà tirẹ̀ dán ètò kan tó ń ṣírò omi inú kànga wò. Àlàyé ẹni tó kọ ètò náà dùn ún kà. Ràhámátù ò wulẹ̀ ṣí ètò náà tó fi kọ̀wé pé, "Mo dán an wò, ó pé." Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde.

Lọ́jọ́ kan, Ifáníkẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, wọlé tọ̀ ọ́ wá tẹkún-tẹkún.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ètò tí mo rí nínú ìwé àtìgbàdégbà yẹn ní omi kànga abúlé wa kéré sí òdo! Bàbá mi ní ṣé àwọn jẹ kànga ní omi ni? Orí mi ló kú, mà. Àwọn tó tẹ̀ ẹ́ ṣáà ti dán an wò. Ẹ jẹ́ kí n pa iṣẹ́ ìwádìí yìí tì."

Ràhámátù ò lè wo ojú ọmọ náà. Ó ṣí ètò náà fún ìgbà àkọ́kọ́, ó ṣírò omi kànga náà. Ó kéré sí òdo lóòótọ́.

"Orí rẹ ò kú, Ifáníkẹ́. Èmi ni wọ́n ní kí n dán an wò. Irọ́ ni mo pa."

Ó sún àga fún un, wọ́n sì jọ jókòó ti lẹ́tà tó ń kọ sí olóòtú ìwé náà láti jẹ́wọ́ pé òun ò dán ètò náà wò.